Wákàtí Kan Lófuurufú, Mélòó Lórí Ilẹ̀?

Láti Command ní agbègbè Alimọ́ṣọ́ dé pápá ọkọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, bí ẹyẹ bá fò ó, kò tó kìlómítà 15. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ọ̀nà bá dí, ìrìn kúkúrú yìí lè gba èrò ní wákàtí méjì. Bí ó bá wọ bàlúù tán, wákàtí kan péré ni yóò fi dé Àbújá. Ọ̀ràn yìí tó ohun tí a ń gbé yẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí àwọn olùkọ́ wa ti ń ṣe é níwájú pátákó. Láti Ìkẹjà dé pápá Nnamdi Azikiwe ní Àbújá, bí a bá fa okùn rẹ̀ gbọọrọ, ó tó nǹkan bí kìlómítà 510. Bàlúù tí ń sá eré kìlómítà 800 ní wákàtí kan ìbá parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 40 tó pé. Ṣùgbọ́n ó ní láti rìn nílẹ̀ kí ó tó gbéra, kí ó gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dín eré kù kí ó tó balẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kà á sí wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ní ọdún 2017, Ìjọba Àpapọ̀ ti pápá Àbújá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tún ojú ọ̀nà tí bàlúù ń balẹ̀ sí ṣe. Kàdúná ni àwọn bàlúù ń lọ nígbà náà. Eré bàlúù kò dín kù, ṣùgbọ́n èrò tí ó sọ̀ kalẹ̀ ṣì ní nǹkan bí kìlómítà 200 láti rìn lórí ilẹ̀, ní ọ̀nà tí a mọ̀ mọ àwọn ajínigbé. Ilẹ̀ ni ó jẹ èrè tí òfuurufú pa.

Àwọn kan lè wí pé ọ̀ràn olówó ni èyí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí olówó ń gbà lọ bá bàlúù ni tíṣà ń gbà lọ sí ilé-ìwé. Òun náà ni a ń gbé aláìsàn gbà dé ilé ìwòsàn. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn ará Alimọ́ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù kan. Àwa kì í ṣe abaramóorejẹ: afárá Abúlé-Ẹ̀gbá tí a ṣí ní 2017 àti ti Pen Cinema ní Agége tí a ṣí ní 2021 ṣe wá lóore. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbádó dé Òyìngbò ní 2024 náà dára, ṣùgbọ́n kò dé Command.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹnu ọ̀nà ilé ni ìrìn àjò ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà bàlúù. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, nígbà tí olùdíje bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè pé: wákàtí mélòó ni yóò dín kù lára ìrìn wa láti Command dé Ìkẹjà, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà ṣe é? Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ mọ̀ pé kò tíì múra iṣẹ́.