Oyún tàbí Ọyún: Orúkọ tí ó Yẹ Ẹ̀rọ tí ń fi Ìró Wo Inú Ajá

Àmì kékeré kan ṣoṣo tí a ń fi sí abẹ́ lẹ́tà ni ó wà láàrin oyún àti ọyún nínú ìwé Yorùbá. Òǹtẹ̀wé tí ó bá gbàgbé àmì náà ti sọ àìsàn di ọmọ. Nínú ikùn abo ajá pẹ̀lú, ààlà tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ojú lásán. Abo tí ó ti wá akọ ní nǹkan bí oṣù kan tàbí méjì sẹ́yìn, tí ikùn rẹ̀ wá ń tóbi, tí kò sì jẹun dáadáa mọ́, lè jẹ́ pé ọmọ ni ó gbé. Ó sì lè jẹ́ pé ilé-ọmọ rẹ̀ ni ó kún fún ọyún. Bí ẹnu ilé-ọmọ náà bá wà ní dídé, ohunkóhun kò ní jáde sí òde tí ẹni tí ó ni ajá yóò fi fura. Èyí àkọ́kọ́ ń fẹ́ sùúrù títí nǹkan bí ọjọ́ 63 yóò fi pé. Èkejì kì í dúró de ẹnikẹ́ni: iṣẹ́ abẹ ni ó sábà máa ń fẹ́, ajá tí a bá sì fi sílẹ̀ láìtọ́jú lè kú.

Ní Àpápá, ajá a máa bá ọdẹ ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ní Ajégúnlẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀, àgbàlá tí kò tóbi ni a ti ń sìn ín, owó ọmọ ajá sì lè di owó ilé-ìwé ọmọ ènìyàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí náà, nígbà tí olówó ajá bá béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn ẹran pé kí ni ẹ̀rọ náà rí. Ìdáhùn tí yóò gbà kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ nìkan. Ó wà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà ni kò sì tíì gún régé.

Orúkọ méjì ni ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Síkáànì ni ti ìgboro. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ó sì ti jókòó. Kò sí ẹni tí yóò lé e kúrò lẹ́nu ará Ajégúnlẹ̀, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí a lé e. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn kò jọra ni ó ń jẹ́ orúkọ náà, títí kan èyí tí akọ̀wé fi ń da ìwé kọ. Èyí tí ó léwu ni èkejì, tí í ṣe fọ́tò inú, nítorí pé ó dà bí Yorùbá tí ó já gaara, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọmọ ìyá X-ray ni, yóò sì máa bẹ̀rù ìtànṣán fún ọmọ tí ń bẹ nínú ajá rẹ̀. Kò sí ìtànṣán níbẹ̀ rárá. Ìró ni.

Àpápá gan-an ni ó yẹ kí a ti kọ́ èyí. Ọkọ̀ òkun tí ń wọ èbúté náà kì í fi ojú wo ìsàlẹ̀ omi. Ó ń rán ìró sí ìsàlẹ̀, ó ń ka àsìkò tí ìró náà fi padà, ó sì ń ti ibẹ̀ mọ bí omi ti jìn tó. Ní Glasgow, Ian Donald mú ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń wá ibi tí irin ti là nínú, ó fi wo ikùn ènìyàn. Ní 1958 ni òun àti John MacVicar pẹ̀lú Tom Brown tẹ àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Ọgbọ́n kan náà ni ó dé inú ajá. Àwọn àgbà tí wọ́n ya òòbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àdán nínú òwe kò ṣìnà: àdán ńlá tí ń jẹ èso, ojú àti imú ni ó fi ń wá oúnjẹ, òòbẹ̀ kékeré tí ń jẹ kòkòrò ni ó ń ké, tí ń fi etí gba èsì igbe rẹ̀ nínú òkùnkùn. Òòbẹ̀ ni kí oníṣègùn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tí ó bá gbọ̀n ju nǹkan bí ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ajá ń lọ tó nǹkan bí 45,000. Ti ẹ̀rọ yìí, fún ajá àti ológbò, sábà máa ń wà láàrin mílíọ̀nù 5 àti mílíọ̀nù 10, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìró àkọjá-etí yẹ ẹ́ nígbà náà: ó kọjá etí ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú, ó sì kọjá etí ajá tí ó dùbúlẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, afìróyàwòrán ni ìbá máa jẹ́. Ẹni tí ó ti gba amóhùnmáwòrán wọlé kò ní rí i bí àjèjì. A kò lo ohùn nínú rẹ̀, nítorí pé ohùn jẹ mọ́ ẹlẹ́mìí, ìró sì ti di ìperí fún àwọn onímọ̀ èdè. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ti ṣí ọ̀nà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé, kì í ṣe ìṣègùn.

Ìró tí ó padà ńkọ́? Gbohùngbohùn ni ìwé atúmọ̀-èdè ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ sí ní gbọ̀ngàn ti gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Èsì ni ó dára jù. Àwọn tí wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa: afìróyàwòrán a máa sọ̀rọ̀, a sì máa gba èsì. Láti inú èsì ni gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò ti ń jáde. Ìtọ̀ inú àpò ìtọ̀ kì í fèsì, nítorí náà dúdú ni ó ń hàn: aláìlésì ni. Ẹ̀dọ̀ ajá tí ara rẹ̀ le sábà máa ń fèsì ju èèpo kíndìnrín lọ díẹ̀, tàbí kí wọ́n dọ́gba. Eegun àti òkúta inú àpò ìtọ̀ ń dá ìró padà púpọ̀, wọ́n ń funfun, òjìji sì wà lẹ́yìn wọn níbi tí ìró kò dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi fọ́tò kọ́ yóò rí òjìji dúdú náà, yóò sì pè é ní omi. Ẹni tí a fi èsì kọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ìró dé ibẹ̀. Òun kan náà ni yóò mọ ìdí tí a fi ń fá irun ikùn ajá, tí a sì ń fi jẹ́ẹ̀lì pa á: afẹ́fẹ́ tí ó wà láàrin irun kò jẹ́ kí ìró wọlé.

Ìyàtọ̀ orúkọ yìí kan owó pẹ̀lú. Láti nǹkan bí ọjọ́ 25 lẹ́yìn tí akọ gun abo ni afìróyàwòrán ti lè fi àpò ọmọ àti ọkàn tí ń lù hàn. X-ray kò lè rí eegun ọmọ títí di nǹkan bí ọjọ́ 45, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbí bá súnmọ́, òun ni ó ń ka iye ọmọ dáadáa jù. Bí fọ́tò inú bá jẹ́ orúkọ méjèèjì, báwo ni olówó ajá yóò ṣe mọ èyí tí ó ń sanwó fún?

Ó ku ọ̀rọ̀ oyún àti ọyún. Àwọn kan lè sọ pé etí Yorùbá kì í ṣì wọ́n gbọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń gbé Ajégúnlẹ̀; Ìjọ̀, Ùròbò àti Ìgbò wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ Yorùbá ní ọjà, ẹni tí ó kọ́ èdè ní ọjà sì lè ṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì gbọ́. Olóyún àti ọlọ́yún kò ní ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Egbò a máa kẹ̀. Ilé-ọmọ pẹ̀lú lè kẹ̀. Kí ilé-ọmọ kíkẹ̀ jẹ́ orúkọ àìsàn náà nínú ìwé ẹ̀kọ́ àti lórí káàdì oníṣègùn ẹran. Òǹtẹ̀wé ìbáà sọ gbogbo àmì ìsàlẹ̀ nù, ajá náà kò ní lóyún lórí ìwé.