Ìbéèrè Halloween àti Ìrántí Àgbà: Ta Ni A Ń Bi?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Ẹni tí kò bá ṣí ewé wò, tó wá ń sọ pé àgbà jẹ ẹ̀kọ lásán, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn ní oṣù kẹwàá ọdún kan, nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lọ síbi iṣẹ́, wọn a máa lọ sí ibùdó kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ tí mo bá wọn lọ, wọ́n ti fi elégédé tí a gbẹ́ ojú àti eyín sí lára, òwú aláǹtakùn àti àwòrán egungun òkú ṣe gbogbo ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òṣìṣẹ́ kan dìde, ó ní àkókò ìdárayá ọpọlọ ti tó. Ìbéèrè mẹ́wàá ló mú wá, gbogbo wọn ló dá lórí Halloween, ọdún tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ń dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èkejì lẹ́nu. Màmá tèmi kò dáhùn ẹyọ kan. Nígbà tí a óò fi máa lọ sílé, òṣìṣẹ́ náà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jọ pé ìrántí wọn ti ń dín kù, kí ọmọ wọn tètè mú wọn lọ rí dókítà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi Màmá bí wọ́n ṣe ń ṣe aró ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge. Ọ̀rọ̀ bẹ́ jáde! Wọ́n sọ bí a ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, bí a ṣe ń ṣù ú, tí a ń sá a sí oòrùn. Wọ́n sọ bí omi ṣe ń kán gba inú eérú wá sínú ìkòkò, àti bí òórùn aró ṣe ń sọ fún aláró pé ó ti tó rẹ aṣọ. Wọ́n dárúkọ àwọn oníbàárà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan obìnrin kan tó jẹ wọ́n lówó aṣọ mẹ́ta tí kò san án títí di òní.

Mo mọ ohun tí onímọ̀ yóò sọ. Ìrántí ìgbà èwe lè mọ́lẹ̀ kedere lára ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀. Òótọ́ ni. Nítorí náà, n kò sọ pé ìtàn aró jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ohun tó ń ṣe Màmá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbéèrè Halloween kò lè sọ bóyá ó ń ṣe wọ́n tàbí kò ṣe wọ́n. Àwọn tó dáhùn dáadáa níbẹ̀ pàápàá, ìrántí ìgbà èwe tiwọn ni wọ́n fi dáhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bú ọdún àwọn ẹlòmíràn. Halloween ní ìtàn tó jinlẹ̀. Àwọn ará Ireland àtijọ́ ní àjọ̀dún kan, Samhain, tí wọ́n fi ń parí ìkórè, tí wọ́n sì fi ń pàdé ìgbà òtútù. Nígbà tó yá, ìjọ Kristẹni gbé ọdún Gbogbo Ẹni Mímọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ sì di Halloween. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Ireland láti ọdún 1845, ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àṣà wọn dání. Ohun ọ̀gbìn tó ń ta nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní turnip, ni wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára nílé. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, elégédé ni wọ́n bá, òun ni wọ́n sì ń gbẹ́.

Nítorí náà, bí a bá bi ẹni ọgọ́rin ọdún tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà pé orin àwàdà Halloween wo ló gbòde ní ọdún 1962, kì í ṣe ìmọ̀ ìwé ni yóò fi dáhùn pé "Monster Mash" ni. Ó ṣeé ṣe kí ó ti jó sí i. Bí a bá bi í nípa eré ọmọdé tó ní elégédé ńlá nínú, èyí tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1966, ó lè rántí àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jókòó yí ẹ̀rọ náà ká. Àwọn tó dàgbà jù ú lọ lè sọ bí ṣúgà ṣe wọ́n láàárín ọdún 1942 sí 1947, nígbà tí ìjọba ń wọn ṣúgà fún ará ìlú nítorí ogun, tí àdídùn kò sì rọrùn láti fún ọmọ tó kanlẹ̀kùn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dára fún wọn. Ó ń mú wọn rẹ́rìn-ín, ó ń mú wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan ti tó èrè.

Ṣùgbọ́n ṣé ìdárayá ọpọlọ ni lóòótọ́? Níbí ni ó ti yẹ kí a rọra. Ní ọdún 2002, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi orúkọ ACTIVE pè. Èèyàn 2,832 tó jẹ́ ẹni ọdún 65 sókè ló kópa nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ọgbọ́n ìrántí, wọ́n kọ́ àwọn kan ní ọgbọ́n ìrònú, wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn bí ojú àti ọkàn ṣe lè yára. Ohun tí a kọ́ oníkálukú ló já fáfá sí i. Ẹni tí a kọ́ ní ìrántí kò torí bẹ́ẹ̀ mọ ìrònú. Ní ọdún 2010, ìwádìí mìíràn lórí èèyàn 11,430 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn tó ń ṣe eré ọpọlọ lórí kọ̀ǹpútà mọ eré náà sí i, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò ràn dé ibòmíràn. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ tó ni Lumosity gbà láti san mílíọ̀nù méjì dọ́là, lẹ́yìn tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ṣe ìlérí fún àwọn oníbàárà nípa ọpọlọ wọn láìsí ẹ̀rí tó tó. Bí ọ̀rọ̀ eré tí àwọn onímọ̀ fara balẹ̀ ṣe bá rí báyìí, kí ni a óò sọ nípa ìbéèrè mẹ́wàá tí òṣìṣẹ́ kan tẹ̀ jáde láàárọ̀?

Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè mọ̀ pé gbogbo ìbéèrè ló ní ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí a ń bi mọ̀. Ohun tó gbé àlọ́ àpamọ̀ wa ró nìyẹn. Apàlọ́ mọ̀ pé òun àti agbálọ̀ọ́ jọ mọ oko, wọ́n jọ mọ ìkòkò, wọ́n jọ mọ ọjà. Ọgbọ́n ni ó ń dán wò, kì í ṣe ibi tí a ti tọ́ ọmọ dàgbà. Bí a bá mú ìmọ̀ àjùmọ̀ní yẹn kúrò, àlọ́ kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti fi èyí hàn ní gbangba. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ ṣe ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, tó ti di olóògbé, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára àwọn tó ṣe é. Wọn kò kàn gbé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn àgbà Ìbàdàn lórí. Wọ́n tún àwọn ìbéèrè náà ṣe ní Yorùbá, lọ́nà tí ẹni tí kò ka ìwé rí yóò fi lè dáhùn. Wọ́n sì tún bi ẹbí rẹ̀ léèrè bó ṣe ń ṣe nínú ilé lójoojúmọ́. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ ìdá 3.24 ní Indianapolis. Ká ní ìbéèrè tí wọ́n lò kò bá àwọn ará Ìbàdàn mu ni, ta ni ìbá mọ èyí?

Èrò tèmi nìyí. Kí àwọn ilé ìtọ́jú máa ṣe ìbéèrè Halloween wọn lọ, kí wọ́n máa pè é ní eré, nítorí eré ni. Bí àgbàlagbà kan tó ti ilẹ̀ mìíràn wá bá jókòó tì wọ́n, kí wọ́n kọ́ ọ, nítorí kò sí ọjọ́ orí tí ẹ̀kọ́ kò bá mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Kí wọ́n má ṣe fi ohun tí ẹnì kan kò mọ̀ rí wọn ohun tó ti gbàgbé. Kí wọ́n sì fi ààyè sílẹ̀ nínú eré náà fún ìbéèrè tó ti inú ìgbésí ayé oníkálukú wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yín nìyẹn o. Ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá wa tó wà nítòsí yín. Ẹ bi wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ọjà tí wọ́n ná, oúnjẹ tí wọ́n ń sè lọ́jọ́ ọdún. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́wàá sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fún òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn.

Ọmọ Màmá mú wọn lọ rí dókítà lóòótọ́, èyí sì dára. Àmọ́ ó bá wọn wọlé, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Ní ọjọ́ kejì, mo bá wọn padà sí ibùdó. Mo bẹ òṣìṣẹ́ yẹn kó bi Màmá nípa aró. Ó bi wọ́n, mo ń túmọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá Amẹ́ríkà méjì fi fa àga wọn sún mọ́ wa, wọ́n fẹ́ mọ bí ewé tútù ṣe ń sọ aṣọ di aláwọ̀ búlúù. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra, ìbéèrè wọn ti pọ̀ jù."