Àìsàn Tí A Ń Pè Ní Ogbó

Ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdọọdún ni gbogbo ayé fi ń rántí àrùn ikọ́ ife, nítorí ọjọ́ náà ní ọdún 1882 ni Robert Koch kéde ní ìlú Berlin pé òun ti rí kòkòrò tí ń fà á. Oògùn rẹ̀ ti wà tipẹ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn mílíọ̀nù 1.25 ni ó kú, kò sì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí iye aláìsàn rẹ̀ tó ti Nàìjíríà.

Àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ilé ìtọ́jú arúgbó kò pọ̀ ní Èkó. Ti ìjọba wà ní Yaba, ti ìjọ Àgùdà, Regina Mundi, wà ní Mushin. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, yàrá kan nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn ni ilé ìtọ́jú arúgbó tiwa, níbi tí ìyá àgbà àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń mí afẹ́fẹ́ kan náà mọ́jú.

Lára ọ̀dọ́, àrùn yìí sábà máa ń fi ara hàn: ikọ́ tí kò lọ, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òógùn lóru. Lára àgbà, ó lè yọ́ wọlé. Àgbà á kàn máa rù, oúnjẹ kò ní wù ú, á máa rẹ̀ ẹ́, nígbà mìíràn iyè rẹ̀ á máa ṣí. Ikọ́ lè má tilẹ̀ pọ̀. Àwa a ní ọjọ́ orí ni. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò tí ó ti sùn sínú ẹ̀dọ̀fóró láti ogójì ọdún lè jí nígbà tí ara bá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, pàápàá bí àtọ̀gbẹ bá wà níbẹ̀.

Àwa tí a ń gbé Oúnjẹ Olúwa lọ bá àwọn tí kò lè wá sí ilé ìsìn mọ́ ni ẹ̀bi yìí kàn jù. A gbàdúrà, a kọrin, a kò béèrè ìgbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò kàn. Bí àgbà kò bá lè ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, a lè ya fọ́tò àyà rẹ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert ń fi èsì hàn láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Yàrá àyẹ̀wò ikọ́ ife wà ní NIMR, ní Yaba nítòsí wa. Oògùn oṣù mẹ́fà ni, ọ̀fẹ́ sì ni ní àwọn ibùdó ìjọba.

Ìtìjú ló ń mú kí ẹbí fi aláìsàn pamọ́. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ lórí pẹpẹ pé kì í ràn nípa ife tàbí àwo. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò lè rìn dé títì kò lè dá lọ fún àyẹ̀wò. Ọkọ̀ ìjọ tí ń gbé wa lọ síbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó lè gbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ńṣe ni ó máa ń wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́.