Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí lè rò pé àgbà kò mọ òǹkà mọ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí ìdílé àti ti òṣèlú la sábà máa ń pa á sí. Èmi fẹ́ pa á sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí níbẹ̀ ló ti ṣẹ gan-an bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́, lórí òǹkà.

Ìlànà kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ kọ́, binary search ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè kì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Á ṣí i láàárín, á wò ó bóyá iwájú ni ọ̀rọ̀ náà wà tàbí ẹ̀yìn, á pa apá kan tì, á tún la èyí tó kù sí méjì. Bí orúkọ bílíọ̀nù kan bá wà lórí ìlà létòlétò, kò ní ju bí ìgbà 30 tí a ó wò ó lọ kí a tó rí èyí tí à ń wá. Ó rọrùn létí. Síbẹ̀, láti ìgbà tí John Mauchly ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1946, ó di àwọn ọdún 1960 kí wọ́n tó tẹ èyí tó péye fún gbogbo iye jáde.

Jon Bentley, tó ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ ní Carnegie Mellon, máa ń ní kí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣì í. Òun fúnra rẹ̀ kọ tirẹ̀ sínú ìwé Programming Pearls ní 1986, ó sì fi ẹ̀rí ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Joshua Bloch jókòó gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì wá kọ èyí tó wà nínú Java, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ní 2006, Bloch kéde fáyé pé àléébù wà nínú tòun, ó wà nínú ti olùkọ́ òun náà.

Níbo ló wà? Nínú ìlà tó ń wá àárín ni: ro ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ òpin, kí o fi méjì pín in. Kí ló tún lè ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ? Lórí pátákó, nọ́ńbà kò lópin. Nínú Java, irú nọ́ńbà tí wọ́n lò níbẹ̀ dópin sí 2,147,483,647. Bí o bá fi ẹyọ kan lé e, kò ní di 2,147,483,648. Yóò yí padà di −2,147,483,648. Nígbà tí àwọn nǹkan orí ìlà bá ti ju bílíọ̀nù kan lọ, àròpọ̀ náà lè ré ààlà kọjá, àárín á wá bọ́ sí ibi tí kò sí. Láyé ìgbà tí Bentley ń kọ ìwé rẹ̀, ta ló ní kọ̀ǹpútà tó lè gba irú ìlà bẹ́ẹ̀? Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni àléébù náà fi lúgọ sínú Java kí iṣẹ́ ẹnì kan tó bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò tó nǹkan: kọ́kọ́ yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú òpin, fi méjì pín ìyókù, kí o wá rò ó mọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ pé ìwé lásán ni tíọ́rì. N ò bá wọn dé bẹ̀. Tim Peters ló ṣe ìlànà ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan tó ń jẹ́ TimSort fún Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ní 2002. Java àti Android náà gbà á wọlé, àìmọye fóònù sì ń lò ó láìsí wàhálà. Ní 2015, Stijn de Gouw àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé èyí tó wà nínú Java péye. Ẹ̀rí náà kọ̀, kò délẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn ìlà kan wà tí yóò dá a dúró lójijì. Gbogbo ìlò ojoojúmọ́ yẹn kò tú u fó. Àwọn onítíọ́rì ló tú u fó.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní yunifásítì, bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe ìdánwò lórí binary search, ẹ má dúró sí “kọ ìlànà náà sílẹ̀.” Ẹ ní kí wọ́n sọ ibi tí yóò ti já, kí wọ́n sì já a lójú yín lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ sì ń kọ́ṣẹ́ kóòdù ní Yábàá, tẹ́ ẹ ní ẹ̀rí ìṣirò kò kàn yín, ẹ lọ ka ohun tí de Gouw àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí.