Ẹ̀rọ Tí Àlìkámà Kò Gbọdọ̀ Dé

Gluten ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún àwọn pròtéènì kan tí ó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì, tí ó máa ń fà bí gọ́ọ̀mù nígbà tí a bá fi omi po ìyẹ̀fun, tí ó sì ń há afẹ́fẹ́ tí yíìsì ń tú jáde mọ́ inú rẹ̀ kí búrẹ́dì lè wú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ní àrùn celiac, ìyẹn àìsàn tí ó ń mú kí agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn kọjú ìjà sí ìfun fúnra rẹ̀, ìwọ̀nba gluten díẹ̀ ti tó láti dá ọgbẹ́ síbẹ̀, kò sì sí ìtọ́jú tí ó dájú ju kí onítọ̀hún yàgò fún un títí ọjọ́ ayé. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní ìdí kankan láti sá fún àlìkámà. Àwọn tí kò lè ṣe aláìsá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ní 1924, Sidney Haas, dókítà àwọn ọmọdé ní New York, fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bọ́ àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ń ṣe, ara wọn yá, ó sì gbà pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó wò wọ́n sàn. Willem Dicke, dókítà ọmọ Netherlands, ni ó wá fi yé aráyé nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1950 pé àìjẹ àlìkámà ni ó ń wò wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n kọjá ààlà tí a fi ata àti iyọ̀ sí, tí a sì fi epo pupa dín, yóò mọ̀ pé oúnjẹ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ kò jìnnà rárá sí Gbọ̀ngán, ìlú tí ó wà nítòsí Ìkirè.

Ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú kò ní gluten. Ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fẹ́ kí a máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ó jẹ́ ìpín 10 nínú 100 lú àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, Akínwùmí Adéṣínà tí ó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn láti 2011 sí 2015 sì fẹ́ gbé e dé 20. Ètò tí ó dára fún àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìpín 80 tí ó kù ṣì jẹ́ àlìkámà, nítorí náà kò ṣe aláìsàn yìí ní àǹfààní kankan. Ìyẹ̀fun tí ó jẹ́ ẹ̀gẹ́ pọ́ńbélé ni ó nílò.

Irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí láfún, tí a ń rẹ sómi títí yóò fi kan. Gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí ó wà ní Ìbàdàn, ti ń kọ́ni, láàárín wákàtí 24 tí a bá wú ẹ̀gẹ́ ni a gbọ́dọ̀ ti bó o, fọ̀ ọ́, rin ín, kó o sínú àpò kí a fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, kí a sì sá a kí ó tó ráyè kan. Tí ó bá gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì jọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun funfun tí kò rùn tí kò sì kan ni yóò jáde.

Ibi ìlọ̀ yìí gan-an ni ewu wà. Ẹ̀rọ kan náà ni ó ń lọ ẹ̀lùbọ́, àgbàdo àti àlìkámà tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń fi ro òkèlè, eruku tí ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà àkọ́kọ́ a sì bọ́ sínú ọpọ́n ẹni tí ó tẹ̀lé e. Ìlànà Codex, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń díwọ̀n oúnjẹ, kò gbà ju mílígíráàmù 20 gluten nínú kílò kan oúnjẹ tí a bá pè ní aláìní gluten. Ojú kò lè rí ìyẹn nínú ìyẹ̀fun.

Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ nìkan kò sì tó, nítorí pé pròtéènì rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní ohun tí yóò so ó pọ̀. Ẹ̀wà tí a bó, tí a sá, tí a sì lọ̀ kúnná lè fún un ní pròtéènì, ẹyin a sì dì í mú. Ní Brazil, sítáàṣì ẹ̀gẹ́, ẹyin àti wàràkàṣì ni wọ́n fi ń ṣe pão de queijo, búrẹ́dì róbótó tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ fẹ́ràn púpọ̀, láìsí àlìkámà níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Gbọ̀ngán bá lè ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé àlìkámà kò gbọdọ̀ wọlé, ìyẹ̀fun tí a ti pò tán, tí ó ku kí ìyá ọmọ fi ẹyin àti omi sí i, yóò lè ti ibẹ̀ jáde.