Ẹni Tó Kó O Kì Í Gbàgbé

Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọmọdé pàápàá mọ ohun tí òwe yìí ń wí, n kò sì ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó gbé e wá sí mi lẹ́nu ni àwọn ìwé aláràbarà tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn àtàwọn tó ń kó o wọ̀lú ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún láti fi sọ fún wa pé àwọn ń tọ́jú àyíká. Ọ̀gá àgbà á wà níbẹ̀ tó ń gbin igi. Wọ́n á kọ iye iná tí sólà bá wọn dín kù ní olú iléeṣẹ́, wọ́n á ní àwọn kì í tẹ ìwé púpọ̀ mọ́ ní ọ́fíìsì. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, a lè kà á láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn láì rí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á yọ lára aláìsàn, tàbí ẹni tó gbé e kúrò nílẹ̀. Èyí ló ń bí mi nínú. Ní tèmi, iléeṣẹ́ tó gba owó ọjà tí kò sì mọ ibi tí ọjà náà parí ayé rẹ̀ sí kò tíì tọ́jú àyíká kankan, igi yòówù kó gbìn.

Ẹ jẹ́ ká mú un dé Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, nítorí pé níbi tí èrò bá pọ̀ sí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń fojú hàn. Rélùwéè wà níbẹ̀, ọjà oúnjẹ tó ń fa ọkọ̀ àjàgbé láti Òkè Ọya wà níbẹ̀, odò ẹran wà níbẹ̀, odò Ògùn sì ń ṣàn kọjá lábẹ́ afárá rẹ̀. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣaláìní kẹ́mísì àti ọsibítù aládàáni. Aláìsàn ibà kan ṣoṣo tí wọ́n dá dúró mọ́jú lè fi síríǹjì bíi mélòó kan sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ wọn, ìgò kékeré tí oògùn wà nínú rẹ̀, ọ̀rá dírípù pẹ̀lú okùn rẹ̀ gbọọrọ, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, òwú tó ti fa ẹ̀jẹ̀ mu, páálí, àti ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ti tẹ hóró oògùn jáde nínú rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ìdá 85 nínú 100 ìdọ̀tí ilé ìwòsàn kò léwu ju ti ilé wa lọ. Ìdá 15 tó kù ló lè kó àrùn ranni tàbí kó lóró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da 15 yẹn mọ́ 85 nínú àpò kan náà, eléwu ni gbogbo rẹ̀ dà, agbálẹ̀ kò sì ní ojú tó fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún ẹni tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú B bá gún ẹni tó ń ṣa ike lórí àkìtàn, ewu pé yóò kó o tó 30 nínú 100. Ti mẹ́dọ̀wú C jẹ́ 1.8, ti kòkòrò HIV jẹ́ 0.3. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2018 sì fi hàn pé nǹkan bí àgbàlagbà 8 nínú 100 ní Nàìjíríà ló ní mẹ́dọ̀wú B lára. Ẹni tó ṣa ike náà ló kó o. Kò ní gbàgbé.

Bí wọn kò bá dà á sí àkìtàn, wọ́n á dáná sun ún nínú kòtò lẹ́yìnkùlé. Púpọ̀ nínú ọ̀rá dírípù jẹ́ ike PVC, bí wọ́n bá sì fi iná tí kò gbóná tó sun irú ike bẹ́ẹ̀, èéfín olóró tí wọ́n ń pè ní dioxin ló ń tú jáde. WHO ní iná tó bá máa jó o tán gbọ́dọ̀ gbóná tó 850 sí 1,100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Iná inú kòtò kò lè débẹ̀ láéláé. Èyí tí òjò bá sì gbá wọ gọ́tà, odò Ògùn ló ń lọ, odò kan náà tí iléeṣẹ́ omi ìjọba Èkó ń fà sí Ìjù àti Adíyàn fún àìmọye èèyàn láti mu. Nítorí náà, kí ará Èkó má rò pé ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá nìkan ni.

Ìdọ̀tí yìí kì í sì í ṣe orí àkìtàn wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ Health Care Without Harm àti iléeṣẹ́ Arup gbé jáde lọ́dún 2019 sọ pé ìdá 4.4 nínú 100 èéfín tó ń mú ayé gbóná ló ń ti ẹ̀ka ìlera wá, àti pé ìdá 71 nínú èyí kì í ṣe láti ọgbà ilé ìwòsàn. Ọ̀nà tí ọjà ń gbà dé ibẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà jáde ló ti ń wá: síṣe é, dídì í, gbígbé e, dídà á nù. Ìyẹn ni sólà orí òrùlé olú iléeṣẹ́ kò ṣe tó nǹkan. Ní Patancheru, nítòsí Hyderabad ní Íńdíà, orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń lò ti ń wá, Joakim Larsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Sweden yẹ omi tó ń jáde níbi tí nǹkan bí iléeṣẹ́ oògùn 90 ń kó omi ìdọ̀tí wọn lọ fún sísẹ́. Ohun tí wọ́n kéde lọ́dún 2007 ni pé ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò, tó wà nínú omi náà tó mílígíráàmù 31 nínú lítà kan, ó ju èyí tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbé oògùn náà mì lọ. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àrùn ti ń kọ́ bí a ṣe ń fara da oògùn. Kòkòrò tó bá sì ti kọ́ ọ kì í bèèrè ìwé ìrìnnà kó tó wọ orílẹ̀-èdè míì. Lọ́dún 2019 nìkan, mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ló kú káàkiri ayé nítorí àrùn tí oògùn kò ràn mọ́. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni WHO ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde lórí omi ìdọ̀tí àwọn tó ń ṣe oògùn apakòkòrò. Ọdún 17 ni ẹni tó dà á fi rí ààyè gbàgbé.

Kì í ṣe àwọn tó ń ṣe oògùn nìkan ló ń gbàgbé; ọ̀rẹ́ tó ń ta wá lọ́rẹ láì ronú kan ẹ̀yìn ọ̀la náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kejìlá 2021, ní àkìtàn Gosa l'Ábújá, ìjọba fi katakata tẹ àjẹsára kòrónà AstraZeneca 1,066,214 fọ́ níṣojú àwọn oníròyìn, nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá. Láti òkè òkun ni wọ́n ti fi ta wá lọ́rẹ, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré kó bàjẹ́. Ẹni tó fúnni ní ohun tó kù díẹ̀ kó di ìdọ̀tí ti gbé ìnáwó ìkólẹ̀ rẹ̀ ka ẹni tó gbà á lórí. Ìjọba wa kéde pé àwọn kò ní gba irú rẹ̀ mọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn mí ni pé Gosa di ìròyìn nítorí pé ó pọ̀ lójú kan. Èyí tó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí kẹ́mísì kò ní oníròyìn.

Àwọn tó ń gbèjà iléeṣẹ́ á ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Wọ́n á ní kì í ṣe iléeṣẹ́ ló ju síríǹjì sí gọ́tà, nọ́ọ̀sì ni, tàbí oníkẹ́mísì, tàbí ọmọdé tí wọ́n rán lọ da ilẹ̀ nù. Òótọ́ wà nínú èyí, n kò sì ní jiyàn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé páálí aláwọ̀ ìyeyè wà fún abẹ́rẹ́, èyí tó gba lítà 5 ń gba nǹkan bíi síríǹjì 100. Láti 1999 ni WHO, UNICEF àti UNFPA ti fẹnu kò pé àjẹsára gbọ́dọ̀ máa dé pẹ̀lú síríǹjì tí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì àti páálí tí wọ́n máa kó o sí. Èyí fi hàn pé ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́ lè ronú kan òpin ọjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n àjẹsára jẹ́ díẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ bílíọ̀nù 16 tí WHO ní wọ́n ń gún lágbàáyé lọ́dún. Abẹ́rẹ́ ìtọ́jú ló pọ̀ jù, àdéhùn páálí yẹn kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí páálí bá tilẹ̀ wà, tó kún, níbo ló ń lọ? WHO sọ lọ́dún 2022 pé ìdá 30 nínú 100 ilé ìwòsàn lágbàáyé ni kò ní ohun èlò láti bójú tó ìdọ̀tí tó ń jáde lọ́dọ̀ wọn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù, ó tó 60. Ẹni tí a kò fún ní ibi tó máa da nǹkan sí, tí a wá ń bínú sí pé ó dà á síbi tí kò yẹ, kì í ṣe òun nìkan ni ìka tó ṣẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi kò lè kó abẹ́rẹ́ kan kúrò ní gọ́tà. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń remú. Òwe yìí ló yẹ ká gbé lé orí ọ̀rọ̀ náà: ta ni ọwọ́ rẹ̀ tó o? Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ni iléeṣẹ́ oògùn Fidson wà ní Ṣàngó Ọ̀tà; May & Baker wà l'Ọ́tà bákan náà; àwọn mìíràn ń ti Ìkẹjà àti Àgbárá wá. Ọkọ̀ tó ń gbé oògùn ń dé, ó ń ja páálí sílẹ̀ láti kẹ́mísì dé kẹ́mísì, ó mọ orúkọ oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan àti iye tó jẹ, ó sì ń padà lọ ní òfìfo. Agbálẹ̀ kò ní irú ọkọ̀ yẹn. Ọsibítù oníyàrá mẹ́rin kò ní in. N kò ní kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ mọ́ oògùn nínú ọkọ̀ kan náà. Ìyẹn fẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ìwé àṣẹ tirẹ̀ àti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, kí owó rẹ̀ sì jáde lápò ẹni tó ta ọjà. Ṣùgbọ́n oògùn tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá, ìgò tí kò tíì ṣí, àti páálí lè bá ọkọ̀ òfìfo yẹn padà nínú àpótí tí wọ́n tì pa. Ní ilẹ̀ Faransé, láti 1993 ni àwọn iléeṣẹ́ oògùn ti ń san owó ètò Cyclamed, tí ẹnikẹ́ni fi lè dá oògùn tí kò lò padà sí ilé ìtajà oògùn. Ní Nàìjíríà níbí, àwọn tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti dá ẹgbẹ́ FBRA sílẹ̀ láti máa kó ike wọn padà. Bí ike ọtí bá ní ẹni tó ń wá a, kí ló dé tí ike dírípù kò ní?

Àwọn kan á ní owó oògùn á gun sí i. Ó gun nígbà tí iléeṣẹ́ oògùn GSK kéde ní oṣù Kẹjọ 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, ó gun nígbà tí náírà já wálẹ̀, kò sì sí èyí tí ìkólẹ̀ fà nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọjá lórí ìyẹn.

Ẹni tó lè fipá mú iléeṣẹ́ rántí ni ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní England lọ́dún 2022 fi ọ̀rọ̀ èéfín sínú iṣẹ́ NHS, àjọ tó ń bójú tó ìlera níbẹ̀, àjọ náà sì ti kéde pé tó bá fi máa di 2045, èéfín àwọn tó ń tajà fún òun pàápàá gbọ́dọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 2023, ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ lọ́dún lọ́wọ́ wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ètò tó fẹ́ fi dín tirẹ̀ kù wá. Àìmọye nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe nílé náà: Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Láti 1895 ni Sacred Heart ti wà ní Lantoro, ọsibítù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọsibítù Àró ti wà láti 1954. Ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà ti wà láti 1993. Ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè. Bí àwọn mẹ́rin yìí bá jọ fi gbólóhùn kan náà sínú ìwé ìrajà wọn, kò sí olóògùn tó lè kọ̀yìn sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ́mísì kéékèèké sì lè gba ẹ̀yìn wọn wọlé. Kí gbólóhùn náà sọ pé wọn kò ní gba oògùn tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó iye oṣù tí wọ́n fẹnu kò sí. Kí ẹni tó ta síríǹjì mú páálí ìyeyè wá pẹ̀lú rẹ̀, kó sì san owó ibi tí wọ́n máa sun ún sí. Kí wọ́n wọn ohun tó wọlé, kí wọ́n wọn ohun tó padà, kí wọ́n má san owó tó gbẹ̀yìn títí orúkọ ẹni tó kó o àti ibi tó kó o lọ yóò fi wà lórí ìwé kan náà tí orúkọ ẹni tó tà á wà.