Ọmọ Tó Ń Fọ Katapílà Kò Tíì Kọ́ Katapílà

Akọ̀wé ló ní kí n kọ ohun tí mo sọ ní ìpàdé tó kọjá sílẹ̀, torí ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ò gbọ́ mi, àwọn tó wà níwájú sì ti ń bá mi jà kí n tó sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ìyá kan tó wá tọrọ ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni, tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ katapílà. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ má fún un rárá. Àwọn kan ní ká fún un ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bá àwọn tó kọ̀ sọ̀rọ̀. Mo mọ ìdí. Àwa ará ọjà, gbogbo ẹ̀rọ ńlá tó ń hú ilẹ̀ la ń pè ní katapílà, ì báà ṣe buldósà, ì báà ṣe ẹ̀skáfétọ̀ tàbí pélódà, orúkọ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó wà láti ọdún 1925 sì ni orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí Màrókò ní oṣù keje ọdún 1990, tàbí tó rántí ọjà Owónífàrí ní Òṣòdì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ katapílà rárá. Ìdí nìyẹn tí Ìyá kan ní ìlà aláṣọ fi dìde tó ní, "Ṣé kó wá wó ṣọ́ọ̀bù mi ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ta ló gbẹ́ gọ́tà tí omi ò fi wọ ìlà alátà mọ́? Ọ̀nà rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ṣé ọkọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ ni? Ọ̀nà etíkun tó fẹ́ gba Èkó dé Kàlàbá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024, 700 kìlómítà ni wọ́n pè é. Orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ọmọ ẹnìkan ló jókòó sí i. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tó ń bọ́ni sì ni.

Ó wá ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká kó owó fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn, èmi ti ṣe é rí.

Ọmọ mi kejì parí ìwé mẹ́wàá ní 2021. Ó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì, máàkì ò gbé e. Ó ní ẹ̀skáfétọ̀ lòun fẹ́ kọ́. Mo kọ́kọ́ bínú, ìgbà tó yá mo gbà. Mo gba àjọ mi, mo san 120,000 náírà owó ìwọlé fún ọ̀gá kan, mo tún ra ẹlẹ́rìndòdò páálí méjì sí i. Ọdún kan àti oṣù méjì ni ọmọ yìí ń jí ní aago márùn-ún, tó ń lọ sí sáìtì. Girísì ò kúrò lára aṣọ rẹ̀. Tí mo bá béèrè, á ní, "Ó ń lọ dáadáa, màámi." Mo ń fọ́nnu kiri ọjà pé ọmọ mi ti ń wa katapílà.

Lọ́jọ́ Sunday kan, bá a ṣe ń jẹun, mo kàn bi í pé, "Tí ọ̀gá ẹ bá lọ jẹun, tí wọ́n ní kó o gbé yẹ̀pẹ̀ sínú típà kan ṣoṣo, ṣé o lè gbé e?" Orí ló sọ kọ́. Kò jókòó sórí àga ẹ̀rọ yẹn rí àfìgbà tó bá ń nù ún.

Mo ò tà lọ́jọ́ kejì. Sáìtì ni mo gbà lọ. Ìjà ni mo gbé lọ, mo ti di gèlè mi le. Ọ̀gá ọ̀hún kò bá mi jà. Ó fún mi ní kẹ́ẹ̀gì kí n jókòó lé, ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín ń fi í háyà ni. Ẹni tó háyà rẹ̀ ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì. Wákàtí tí ọmọ yín bá fi ń kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀, ta ló máa san án? Tí eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣẹ́, tí páìpù bá bẹ́, owó mi ni wọ́n máa gé."

Ẹ̀yin ìyá, ibẹ̀ ni ojú mi là. Àwa, ìkọ́ṣẹ́ tá a mọ̀ ni ti télọ̀, ti onídìrí, ti fúkanáísà. Níbẹ̀, ọ̀gá ló ni ẹ̀rọ, ọ̀gá ló ni ṣọ́ọ̀bù, tí ọmọ bá ba aṣọ jẹ́, a ra aṣọ. Lọ́jọ́ ìgbòmìnira, a se ìrẹsì, a ya fọ́tò. Ọ̀gá katapílà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gba 120,000 náírà mi lé lórí. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdébìnrin tó ń bá mi tajà bá gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíràn pé òun á fún un ní ìsọ̀ mi.

Ohun tí mo ń wí nìyẹn: kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ mọ ẹni tó ni ẹ̀rọ, kí ẹ sì bá ẹni náà sọ̀rọ̀.

Mo béèrè, mo béèrè, mo sì rí i. Kí lẹ rò pé mo bá? Obìnrin bíi tiwa ni, Àlhájà kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, tó fi èrè ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tó ń háyà jáde. A dúnàádúrà bí ọlọ́jà ṣe ń dúnàádúrà. A fẹnu kò pé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ oníháyà bá ti parí, ọmọ mi á lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ, lórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ nìkan, kò ní sí ẹlòmíràn nítòsí, ọ̀gá á dúró síbi tí ojú méjèèjì ti lè rí ara wọn. Dísẹ́ẹ̀lì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, èmi ni n ó máa rà á. Ọ̀gá náà ní tirẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀, a tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àlhájà yìí ló tún fi mítà hàn mí. Àṣé inú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni mítà kan wà tó ń ka wákàtí tí ẹ̀rọ bá fi ṣiṣẹ́, bí mítà iná ṣe ń ka iná. Òun ni olówó ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ń jí ẹ̀rọ òun lò lóru, òun náà ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí ọmọ mi bá gùn ún, á kọ iye tí mítà wí, bó bá sọ̀ kalẹ̀, á tún kọ ọ́, ọ̀gá á sáìnì sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá àjọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n: káàdì aláàjọ ni. Ọjọ́ tá a bá dá la ń fàlà sí. Láàárín oṣù mẹ́rin, wákàtí 38 ló wà nínú káàdì ọmọ mi. Ní ọdún kan àti oṣù méjì tó ṣáájú, òdo ni.

Ẹ má gbọ́ mi sódì o. N ò wí pé kí ọmọ má fọ ẹ̀rọ. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọ ọmọ tirẹ̀ kúrò ní oṣù kẹta, ó ní wọ́n ń lò ó bí ẹrú. Ó yá a jù. Ọmọ tí ò bá mọ ara ẹ̀rọ, kò gbọdọ̀ wà á. Láàárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, á yí i ká, á wò bóyá epo ń jò, á yọ ọ̀pá wo ọ́ìlì, á wo omi rédíétọ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣí i tó bá ṣì gbóná. Á fún gbogbo oríkèé ní girísì títí tí girísì àtijọ́ fi máa yọ jáde. Á wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ bóyá ó ti dẹ̀ jù. Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín kó má gbàgbé: bí epo bá ń ru lára páìpù, kó má fi ọwọ́ wá ibi tó ti ń jò. Agbára epo yẹn lè gba inú awọ wọlé, ojú rẹ̀ á dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún, ọwọ́ á sì bàjẹ́ nínú. Pépà páálí ni kó fi wá a, ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa ló sì yẹ kó tún ṣe. Bí ó bá ti wọlé sí i lára, ọsibítù ló ń lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kó fi róòbù pa á. Kó má sì wọ abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé sókè láéláé, kódà kó jẹ́ pé ọ̀gá ló rán an. Kó má dúró síbi tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ń yí gbà, awakọ̀ ò rí ẹ̀yìn.

Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin iṣẹ́ girísì, mo fara mọ́ ọn. Kí ọjọ́ tó máa parí ṣáà wà nínú ìwé. Lẹ́yìn náà, róólà ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ torí ó rọrùn, gíréèdà ló máa ń kẹ́yìn. Ọ̀gá tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun fi máa kọ́ ọmọ yín ní gíréèdà, ẹ dì gèlè yín, ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà wà. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, òfin yẹn kan náà ló ní kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ wà ní kíkọ, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fọwọ́ sí i, kó má sì kọjá ọdún márùn-ún. Tèmi ni pé kó tiẹ̀ pé 18 ná. Ìwé ìwakọ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń hú ilẹ̀ ní lẹ́tà tirẹ̀, lẹ́tà H, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wa mọ́tò. Trade Test ìjọba àpapọ̀ náà wà, ìpele 3 ló kéré jù, ìpele 1 ló ga jù. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2010 lórí owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ sì ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ bi olówó ẹ̀rọ bóyá ó ń san owó yẹn sí NSITF. Tó bá yẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹ tún wo ojú ọ̀gá náà ní aago méje àárọ̀. Tó bá ti pupa, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kì í ṣe gbogbo wọn ló ń mu, òótọ́ ni. Èyí tí kò mu ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀ pé ọmọ òun obìnrin ńkọ́. Kí ló dé? Epo inú páìpù ló ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, agbára apá kọ́. Ojú tó mú àti ọwọ́ tó rọra ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹ ní láti béèrè nípa ibi tí yóò ti máa tọ̀, tí yóò ti máa pààrọ̀ aṣọ, àti ẹni tí yóò jọ máa lọ sílé lálẹ́.

Ní ti ẹ̀yáwó tó dá ìjà sílẹ̀, ohun tí mo bẹ ìgbìmọ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ má yọ owó ìwọlé fún ọ̀gá kankan. Kí owó náà máa jáde lóṣooṣù, fún dísẹ́ẹ̀lì àti bàtà onírin àti akoto, bí káàdì wákàtí ọmọ bá ṣe wí. Oṣù tí káàdì bá ṣófo, ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ béèrè ìdí. Ìyá tó tọrọ owó náà ṣì ń retí wa. Ọmọ rẹ̀ pé 18 lóṣù tó kọjá, ó ti rí ọ̀gá, kò tíì rí ẹni tó ni ẹ̀rọ. Èmi ti ṣe tán láti bá a lọ ní Tuesday, lẹ́yìn tá a bá ti pàtẹ tán. Ẹnì kan sí i ni mo ń wá, ẹni tó mọ dúnàádúrà dáadáa.